Ọ̀nà ni wọ́n fún yín, wọn ò fún yín ní títì

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Awọnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ní 2004, èmi àti olóògbé ọkọ mi ra pulọ́ọ̀tì kan, fíìtì 60 sí 120, lọ́wọ́ ẹbí kan lójú ọ̀nà Àkànràn, n'Ìbàdàn. Inú ni tiwa wà. Pulọ́ọ̀tì tó kọjú sí títì ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí nígbà náà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wa pé àwa àti àrólé wa lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, “ní ẹsẹ̀ tàbí pẹ̀lú ọkọ̀, nígbàkúùgbà”, kí ọ̀nà náà fẹ̀ ní fíìtì 12. Ní 2013, ẹbí ta pulọ́ọ̀tì iwájú fún ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Kò tíì kọ́lé síbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ló gbìn sí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, bó bá wálé á yà kí mi.

Lọ́dọọdún ni ọ̀nà yẹn ń burú sí i. Nígbà òjò tó kọjá, àìsàn kọlu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi lóru, kò lè fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ tí a pè kò lè wọlé, táyà rẹ̀ rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Èèyàn mẹ́rin ló gbé ẹ̀gbọ́n mi lórí àga jáde sí títì. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara wọn ti yá.

Mo fẹ́ da erùpẹ̀ pupa àti òkúta sí ọ̀nà náà, kí n sì la gọ́tà. Nígbà tí mo sọ fún ọmọkùnrin yẹn, ó ní: “Mummy, ẹ má bínú, ọ̀nà ni wọ́n fún yín, wọn ò fún yín ní títì. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, gbogbo àdúgbò ló máa máa gba ibẹ̀, ilẹ̀ mi á sì lọ.” Ó ti wá fi géètì onírin sẹ́nu ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ mi ní kí n sọ ọ́ di fíìtì 18 kí ọkọ̀ omi lè ráàyè wọlé, kí a sì ri páìpù omi sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé òfin gbà mí láyè? Ṣé kò sì yẹ kí òun náà dá sí owó rẹ̀?

Ìyá Tíṣà, ọ̀nà Àkànràn

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ibi tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ àga yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. N ó kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ká yín lára jù: ẹ lè ṣe ọ̀nà náà. Ẹ lè da erùpẹ̀ pupa sí i, ẹ lè da òkúta sí i, ẹ lè la gọ́tà sí i, kódà bí ọmọkùnrin yẹn kò bá fẹ́. Àmọ́ ó ní ibi tí ẹ̀tọ́ yín mọ. Èmi fúnra mi ti kọjá ààlà yẹn rí, n ó sì sọ ohun tó dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé yín ná. Ohun tí ẹbí yẹn fún yín ni àwọn lọ́yà ń pè ní ísímẹ́ǹtì. Ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n fún yín. Ẹ̀tọ́ àtigba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá ni, ẹ̀tọ́ náà sì so mọ́ pulọ́ọ̀tì yín bí ìwọ́ ṣe so mọ́ ọmọ. Bí ẹ bá tà á lọ́la, ẹni tó rà á ló ni ẹ̀tọ́ náà. Bí ẹbí sì ti ta pulọ́ọ̀tì iwájú, ọ̀nà yín wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n tà. Bí ìwé yín bá jẹ́ díìdì, ìyẹn ìwé òfin tí a fi ń gbé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ fúnni, tí wọ́n buwọ́ lù tí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀, tí ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, orí àpáta lẹ dúró sí. Bó bá jẹ́ ìwé àdéhùn lásán, ẹsẹ̀ yín kò rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó fowó ra ilẹ̀ láìmọ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ lè ní kò kan òun. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ẹ ti ń gba ibẹ̀ kí ó tó rà á. Ipa táyà méjì wà nílẹ̀ gbọnrangandan lọ́jọ́ tó wá wo ilẹ̀. Kò lè ní òun kò rí i.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni pé ọ̀nà ni wọ́n fún yín, wọn kò fún yín ní títì. N kò bínú sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà wa ti dá a lóhùn tipẹ́: àgbàtán là á gba ọ̀lẹ, bí a bá dá aṣọ fún un, a ó pa á láró. Ẹni tó bá fún èèyàn ní ọ̀nà ọkọ̀ ti fún un ní ohun tí ọkọ̀ yóò fi lè gba ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni òfin wà. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Newcomen àti Coulson ní 1877, tí àwọn lọ́yà wa ṣì ń tọ́ka sí títí dòní nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni a ti jogún apá òfin yìí. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà lè wọ orí ilẹ̀ náà láti ṣe ọ̀nà tí yóò wúlò fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbè yín jù nínú ìwé yín, òun ni “ọkọ̀”. Ká ní “ní ẹsẹ̀” nìkan ni wọ́n kọ ni, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti da òkúta kankan síbẹ̀.

Ní ti fíìtì 18, rárá o, Ìyá wa. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé mo ní rárá. Fíìtì 12 ni wọ́n kọ, 12 náà ni ògiri ẹ̀tọ́ yín. Íǹṣì kan tí ẹ bá fi kọjá rẹ̀, orí ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ wà, ó sì lè pè yín lẹ́jọ́. Kẹ́ ẹ sì fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: inú fíìtì 12 yẹn ni gọ́tà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ kò lè lo 12 fún ọkọ̀ tán kí ẹ tún wá la gọ́tà sínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe máa pín in ni pé kí ojú ọ̀nà jẹ́ fíìtì 9, kí gọ́tà jẹ́ íǹṣì 18 lápá ọ̀tún àti íǹṣì 18 lápá òsì. Ọkọ̀ omi tó ń já omi fúnni kì í sábà fẹ̀ ju fíìtì 8 àti díẹ̀ lọ, yóò wọlé bí awakọ̀ bá fara balẹ̀. Ibi tí yóò ti ni ín lára ni ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń yà kúrò lójú títì. Bí ẹ bá fẹ́ kí igun yẹn fẹ̀ sí i, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́.

Páìpù ńkọ́? Ẹ̀tọ́ láti kọjá lórí ilẹ̀ kò bá ẹ̀tọ́ láti ri nǹkan sábẹ́ rẹ̀ rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó iná. Bí ìwé yín kò bá dárúkọ páìpù, ẹ má rì í. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí mo ní n ó sọ. Ní 1998, mo ṣe irú ọ̀nà yìí wọ ilé ara mi. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbin ilá àti ewédú ló ni ilẹ̀ tí mo ń gbà kọjá, ilé alámọ̀ rẹ̀ sì wà lápá òkè ọ̀nà náà. Ẹ̀tọ́ mi pé, ìwé mi pé. Mo da erùpẹ̀ pupa sí i, mo gbé ojú ọ̀nà ga ní íǹṣì 9 ju ilẹ̀ lọ kí ọkọ̀ mi má bàa tún rì mọ́, inú mi sì dùn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Omi tó ti ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bá odi níwájú, ó dúró. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá náà ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì fi ìka mi kan ìsàlẹ̀ ògiri yàrá wọn. Ìka mi wọlé. Amọ̀ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ipa ibi tí omi dé wà lára ògiri, ó ga tó àtẹ́lẹwọ́ tí a nà tán, gbogbo ebè ilá wọn sì ti di ẹrẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo ti fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ fún ẹgbẹ́ẹ̀gbẹ̀rún èèyàn. Síbẹ̀ n kò wo ibi tí omi ìyá yẹn yóò gbà. Mo la ọ̀nà náà níbi méjì, mo ri ríìǹgì kọ̀ǹkéré oníǹṣì 24 sí ìkọ̀ọ̀kan kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì tún ògiri yàrá náà mọ. Owó tí mo fi tún un ṣe ju èyí tí mo fi ṣe ọ̀nà lọ. Ẹ̀tọ́ ọ̀nà kò fúnni ní ẹ̀tọ́ láti da omi sílé ẹlòmíràn. Bí ọmọkùnrin yẹn bá máa gbé yín lọ sílé-ẹjọ́ tí yóò sì borí, omi ni yóò fi borí yín, kì í ṣe òkúta.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe típà kankan, ẹ dúró de òjò kan tó lágbára. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ gba ibẹ̀ lọ, ẹ wo ibi tí omi ti ń wá àti ibi tó ń lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń dábùú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ríìǹgì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì rí i pé gọ́tà yín ń já síbi tí omi ti ń lọ tẹ́lẹ̀ tàbí sí gọ́tà títì. Kò gbọdọ̀ já sínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Pulọ́ọ̀tì iwájú gùn ní fíìtì 120. Fíìtì 9 ní fífẹ̀, 120 ní gígùn, íǹṣì 6 ní nínípọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń lọ bíi kúbíìkì mítà 15. Erùpẹ̀ tó rọ̀ máa ń fún pọ̀ bí rólà bá gun orí rẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ sí 20. Bí típà bá ń gbé 10, típà méjì ni. Ẹ kọ́kọ́ ha ẹrẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ dànù, nítorí erùpẹ̀ pupa tí wọ́n dà sórí ẹrẹ̀ yóò rì sínú rẹ̀ kí ọdún tó yí po. Níbi tí táyà ti máa ń rì jù, ẹ da òkúta ńlá sísàlẹ̀ kí erùpẹ̀ tó wá. Kí àárín ọ̀nà ga ju etí rẹ̀ lọ ní íǹṣì 2 tàbí díẹ̀ lé, kí omi lè máa yọ́ bọ́ sí gọ́tà. Ẹ fi okùn nà án láti etí dé etí, ojú yín yóò rí i. Oṣù December sí February ni kí ẹ ṣe é. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú July, owó ló dà sómi.

Lórí owó, ẹ̀yin ni ẹ ó san án, Ìyá wa. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín, ẹni tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kò ní ojúṣe láti tún ọ̀nà ẹlòmíràn ṣe, àfi bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn án ni pé kó má dí yín lọ́wọ́, kó má sì bà á jẹ́. Òun náà lè wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ilé tirẹ̀, tí típà búlọ́ọ̀kù ń wọlé tó ń jáde, ìgbà yẹn lẹ lè jókòó sọ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ó sàn kí ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ìsinsìnyí.

Géètì tó ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá lè ṣí i nígbàkúùgbà. Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ bèèrè. Kó fún yín ní méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Bó bá tì í lóru tí kò sì fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ó ti dí ọ̀nà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá gbè sẹ́yìn ọmọkùnrin náà díẹ̀, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ó ti rí àdúgbò tí ọ̀nà ilé kan di ọ̀nà gbogbo ayé, tí ọlọ́kadà ń gba ibẹ̀, tí ẹgbẹ́ onílé wá sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀tọ́ yín jẹ́ ti ilé yín, ti àwọn ará ilé yín, ti àlejò yín àti ti ẹni tó gbé ẹrù wá fún yín. Kò jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ gé ọ̀nà kúrú lọ sílé mìíràn. Kò sì gbà yín láyè láti sọ pulọ́ọ̀tì yín di ibùdó búlọ́ọ̀kù tàbí gbọ̀ngàn àríyá kí ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún wá máa gba orí ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ èyí fún un, tí ẹ sì fọwọ́ sí i nínú ìwé, mo rò pé ara rẹ̀ yóò balẹ̀ ju bí lọ́yà ṣe lè mú un balẹ̀ lọ.

Ẹ pè é nígbà tó bá wálé. Kó wá sójú ọ̀nà, kì í ṣe kó jókòó sí pálọ̀ yín. Ẹ ti jẹ́ kí awọnlẹ̀ tú pílà ààlà ilẹ̀ tó ti bọ́ sábẹ́ koríko síta, kó na okùn sí fíìtì 12 lójú rẹ̀, kó rí i pé ẹ kò ní wọ inú ẹ̀gẹ́ òun. Ẹ fi ibi tí ríìǹgì yóò wà hàn án. Ẹ sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ onílé wà níbẹ̀. Bó bá gbà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ gbogbo rẹ̀ sí díìdì, páìpù àti igun ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà fún un, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì ní kí lọ́yà wo ìwé 2004 yẹn kí òṣìṣẹ́ tó gbé ṣọ́bìrì. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, bó bá fi ara rẹ̀ dínà ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bá a jà níbẹ̀. Bí a ti ń jà bí í ká kú kọ́, ẹ ṣì máa kí ara yín lówùúrọ̀. Ilé-ẹjọ́ ni yóò ní kó kúrò lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, n'Ìkòròdú ni mo wà. Ọdún 24 ni a ti ń gba ẹ̀yìn ilé ẹnì kan kọjá, bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìwé kankan. A fẹ́ da kọ̀ǹkéré sí i báyìí, onílé náà sì ní òun kò gbà. Ṣé ọdún 24 kò tó ni?

Akin

ÌDÁHÙN

Akin, ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀ sí ti Ìyá Tíṣà pátápátá, má sì fi ìdáhùn tí mo fún wọn ṣe tìrẹ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí bàbá rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé tí onílé sì ní “ẹ máa gba ibẹ̀”, ààyè ni títí dòní, ọdún kì í sọ ààyè di ẹ̀tọ́. Òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ ẹ̀tọ́ tí 20 ọdún ń fúnni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé gbangba lẹ ti ń gba ibẹ̀, láìfi ipá ṣe é, láìtọrọ rẹ̀.

Kódà bí ẹ̀tọ́ yẹn bá wà, kọ̀ǹkéré ṣì lè kọjá agbára rẹ. Ẹni tí ìlò ọdún pípẹ́ fún ní ọ̀nà, irú ọ̀nà tó ti ń lò ló ní. Ẹjọ́ kan tó wà nínú ìwé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti 1991, ẹjọ́ Mills àti Silver, jọ tìrẹ. Wọ́n ti ń wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà eléruku kan lọ sí oko orí òkè, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn jù lọ. Ilé-ẹjọ́ gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti máa gba ibẹ̀. Àmọ́ òkúta rẹpẹtẹ tí wọ́n dà sí i láti sọ ọ́ di títì, ilé-ẹjọ́ ní ìyẹn ti kúrò ní àtúnṣe. O lè dí kòtò, o lè gé koríko, o lè da erùpẹ̀ sí ibi tó ti jẹ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, onílé ló máa fọwọ́ sí i.

Ibùdó ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà fún irú ẹ̀ yìí, wọn kì í sì í gba owó. Ìwọ àti onílé náà ẹ jọ lọ jókòó níbẹ̀. Béèrè bóyá yóò ta ẹ̀tọ́ ọ̀nà náà fún ọ, kí fífẹ̀ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n lè dà sí i wà nínú ìwé. Má ra sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo kó tó fọwọ́ sí i.